“Ẹ Bá Mi Fojú Gán-án-ní Ẹ̀”: Bí A Ṣe Ń Dá Ojúlùmọ̀ Tó Ń Béèrè Ìmọ̀ràn Iṣẹ́ Lọ́fẹ̀ẹ́ Lóhùn

Ẹni tó bá ní iṣẹ́ tí aráyé ń wá kò ní ṣàì mọ gbólóhùn yìí: “Mi ò ní gbà yín lákòókò, ìbéèrè kékeré kan ni.” Dókítà ń gbọ́ ọ níbi àríyá, agbẹjọ́rò ń gbọ́ ọ lórí àtẹ̀gùn ilé, ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà tún ṣe ń bá a lórí WhatsApp ní agogo mọ́kànlá alẹ́, fọ́tò kọ̀ǹpútà tí ojú rẹ̀ ti dúdú ni wọ́n sì fi kí i. Bó bá dáhùn, ìbéèrè kejì á tẹ̀lé e. Bí kò bá dáhùn, wọ́n á ní ó ti ń gbéra ga.

Orí owó ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbé ọ̀rọ̀ yìí lé, pé kí onímọ̀ má jẹ́ kí wọ́n rẹ́ òun jẹ. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ èmi ò kà á sí olórí ewu. Olórí ewu ni pé ìdáhùn orí ìdúró, ìdajì ọ̀rọ̀ ló ń dá lóhùn. Ẹni tó ń béèrè ò sọ gbogbo rẹ̀ tán, ìwọ náà ò sì bi í ní gbogbo ohun tó o máa ń bi oníbàárà, síbẹ̀ ó máa lọ fi ohun tó o sọ ṣe ìpinnu bí ẹni pé o ti jókòó ti fáìlì rẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ìlànà kan ṣoṣo ni mo ní fún un: yálà kó o júwe ọ̀nà fún un kó máa lọ, tàbí kó o ṣe iṣẹ́ náà bí iṣẹ́, ìbáà jẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Àárín méjèèjì ni wàhálà ń gbé. Àwọn ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, ọ̀nà àtimá bọ́ sí àárín yẹn ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Mọ̀ bóyá ìbéèrè ni tàbí iṣẹ́

O ò lè mọ èyí láti ẹnu ẹni tó ń béèrè, torí lójú tirẹ̀ gbogbo ẹ̀ ló kéré. Ara rẹ ni wàá bi. Ṣé ìdáhùn mi á yí padà bí mo bá mọ̀ sí i nípa ẹni yìí gan-an? Ṣé mo ní láti ka ìwé kan, yẹ ara kan wò, ṣírò nǹkan kan tàbí tú ẹ̀rọ kan kí n tó lè dáhùn? Ṣé á torí ìdáhùn mi náwó, buwọ́ lùwé, lo oògùn tàbí wó ògiri? Bí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ ni.

Wo bí ó ṣe máa ń fara jọ ara wọn. “Kí ló dé tí wọ́n ní kéèyàn máa wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nílé?” Ìbéèrè ni, dá a lóhùn tayọ̀tayọ̀. “Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mò ń lò yìí ń mú mi wúkọ́, ṣé kí n dá a dúró?” Ẹnu kan náà ló ti jáde, ìdúró kan náà lẹ̀ ń dúró, àmọ́ iṣẹ́ nìyí. Òótọ́ ni pé àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà, irú bíi lisinopril, tó máa ń fa ikọ́ gbígbẹ. Òótọ́ sì tún ni pé ikọ́ lè wá láti inú ẹ̀dọ̀fóró tàbí láti ara ọkàn tó ti ń rẹ̀, àti pé ẹni tó bá dá oògùn náà dúró láìsí òmíràn nípò rẹ̀ lè ko ewu. Ta ni nínú yín tó lè mọ èyí tó jẹ́ níbi tí ẹ dúró sí yẹn?

Lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò, “Kí ni wọ́n ń pè ní ìwé ìhágún?” jẹ́ ìbéèrè. “Ṣé ìwé ìhágún tí bàbá mi kọ yìí múlẹ̀?” jẹ́ iṣẹ́, bí ìwé náà ò bá tiẹ̀ ju ojú ewé kan lọ. Lọ́dọ̀ ayàwòrán ilé, “Ṣé mo lè yọ ògiri àárín yìí kí pálọ̀ lè fẹ̀?” dà bí ọ̀rọ̀ ẹwà, àmọ́ ẹni tí kò tíì mọ ohun tí ògiri náà gbé rù kò gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́dọ̀ ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà, “Ṣé kí n pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́ kí n tún un bẹ̀rẹ̀?” lè jẹ́ ìparí fọ́tò ọdún mẹ́wàá tí kò sí níbòmíràn.

Irú ìbéèrè kan wà tí mo máa ń yà sọ́tọ̀: ti ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ rẹ tàbí tó fẹ́ mọ ọ̀nà tó o gbà débẹ̀. Má fi òdiwọ̀n yìí wọ̀n ọ́n. Ohun tí ẹnìkan fi tọ́ ìwọ náà sọ́nà nígbà kan ló ń wá. Ní kó kọ ìbéèrè rẹ̀ ránṣẹ́ ṣáájú, fún un ní ìdajì wákàtí, kó o sì dá gbogbo rẹ̀ lóhùn. Ẹni tí kò bá lè kọ ìbéèrè mẹ́rin sílẹ̀ kò tíì ṣe tán láti gbọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ṣètò ọ̀fẹ́ rẹ kí ìbéèrè tó dé

Ẹni tí kò bá tíì pinnu nílé, ojú ló máa bá a pinnu lóde. Wá àkókò tí ẹnikẹ́ni ò dúró dè ẹ́, kó o sì pinnu àwọn tó o máa ṣiṣẹ́ fún láìgba owó, irú iṣẹ́ wo, àti wákàtí mélòó lóṣù. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà ti kọ irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ sínú ìlànà wọn: wọ́n rọ agbẹjọ́rò kọ̀ọ̀kan pé kó ya ó kéré tán wákàtí 50 sọ́tọ̀ lọ́dún fún iṣẹ́ ọ̀fẹ́, kí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì lọ sọ́dọ̀ àwọn tí kò lówó. Mo fẹ́ràn apá tó gbẹ̀yìn yẹn. Bí a bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn tó mọ nọ́ńbà fóònù rẹ ló máa jẹ gbogbo ọ̀fẹ́ rẹ tán. Ẹni tó mọ̀ ẹ́ kọ́ ló nílò rẹ jù. Ọ̀pọ̀ ojúlùmọ̀ tó ń ní “ẹ bá mi wò ó” lè sanwó, kàn jẹ́ pé ìwọ ló sún mọ́ ọn ju báńkì rẹ̀ lọ.

Bó o bá ti ní ìwọ̀n wákàtí tìrẹ, ó rọrùn láti sọ pé, “Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí mò ń ṣe lóṣù yìí ti kún.” Òtítọ́ ni, kò sì sí ìwọ̀sí nínú rẹ̀.

Ní ti ẹbí, ọ̀tọ̀ ni tàwọn dókítà. Ìlànà ìwà ọmọlúàbí tí American Medical Association, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ sọ pé, lápapọ̀, kí dókítà má ṣe máa tọ́jú ara rẹ̀ tàbí àwọn tó sún mọ́ ọn jù nínú ẹbí, àfi ní pàjáwìrì, tàbí níbi tí kò sí dókítà mìíràn, tàbí fún àìsàn kékeré tí kì í pẹ́ lọ. Ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀ kọjá ọ̀rọ̀ ìwòsàn. Ìfẹ́ máa ń ṣíji bo ojú ẹni. Ọmọ kò ní lè bi ìyá rẹ̀ ní àwọn ìbéèrè kan, ìyá kò sì ní lè sọ àwọn ohun kan fún ọmọ. Ojú á sì máa ti dókítà láti sọ pé, “Èyí kọjá ibi tí ìmọ̀ mi dé.” Fi oníṣirò owó tó ń ṣe ìwé owó orí àbúrò rẹ̀, tàbí agbẹjọ́rò tó ń kọ ìwé ìkọ̀sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, sípò dókítà yẹn, wàá rí i pé nǹkan kan náà ni.

Bí o bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ẹlòmíràn, tún wo ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan kò gbà kí òṣìṣẹ́ wọn gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn níta. Wo ìwé adójútòfò iṣẹ́ rẹ náà, bóyá ó bo ohun tó o ṣe láìsí àkọsílẹ̀ àti láìgba owó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu lè ná ẹ

Ọ̀pọ̀ gbà pé bí owó kò bá ti wọlé, kò sẹ́ni tó lè mú àwọn sí ohun tí àwọn sọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1963, House of Lords, tó jẹ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, gbọ́ ẹjọ́ iléeṣẹ́ ìpolówó ọjà kan. Iléeṣẹ́ náà ti wádìí, nípasẹ̀ báńkì tirẹ̀, lọ́wọ́ báńkì mìíràn bóyá oníbàárà kan ṣeé bá dòwò pọ̀. Báńkì kejì dáhùn lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní ó ṣeé bá dòwò. Oníbàárà yẹn wó, owó iléeṣẹ́ ìpolówó sì wọlẹ̀ sí i. Àwọn adájọ́ sọ pé ẹni tó ní ìmọ̀ àkànṣe, tó mọ̀ pé ẹlòmíràn máa gbára lé ohun tí òun bá sọ, lè jẹ̀bi àìbìkítà, bí kò tiẹ̀ sí àdéhùn láàárín wọn, bí kò sì gba owó kankan. Ohun tó yọ báńkì yẹn ni pé ó ti kọ ọ́ síbi ìdáhùn rẹ̀ pé òun ò ní ru ẹrù ohunkóhun tó bá tìdí ẹ̀ yọ.

Nínú ìdájọ́ yẹn kan náà, ọ̀kan nínú wọn, Lord Reid, sọ ohun tó yẹ kó fi ẹni tó fẹ́ràn àríyá lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀: pé àwọn tó máa ń ṣọ́ra pàápàá máa ń sọ èrò wọn níbi fàájì, láìfi ìṣọ́ra tí wọ́n máa ń lò lẹ́nu iṣẹ́ sí i. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ fàájì kì í sábà di ẹjọ́. Àmọ́ bó o bá ti ní “fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi kí n wò ó”, o ti kúrò níbi fàájì.

Ẹjọ́ tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀ sórí wá láti Minnesota, ní Amẹ́ríkà. Obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn lọ rí agbẹjọ́rò kan. Wọ́n sọ̀rọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan. Agbẹjọ́rò náà ní òun ò rò pé ẹjọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ òun á bá ẹnìkejì òun lẹ́nu iṣẹ́ sọ ọ́. Kò gba owó, kò sì fi ìwé owó ránṣẹ́. Obìnrin náà ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ó wá gbà pé kò sí ẹjọ́ nìyẹn. Ọdún méjì péré ni òfin fún un láti pe ẹjọ́ náà, agbẹjọ́rò ò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Nígbà tó fi máa rí agbẹjọ́rò mìíràn, ilẹ̀ ti ṣú. Ní ọdún 1980, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà fọwọ́ sí i pé agbẹjọ́rò àkọ́kọ́ àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ jẹ̀bi. Owó tí wọ́n ní kí wọ́n san lé ní 600,000 dọ́là. Gbólóhùn méjì ló fa gbogbo rẹ̀: “Mi ò rò pé nǹkan wà níbẹ̀” àti “màá bá ẹnìkejì mi sọ ọ́.” Bó o bá fẹ́ fa ọ̀rọ̀ kan yọ kúrò lẹ́nu rẹ lónìí, “màá wò ó” ni kó jẹ́.

Ti London tún sún mọ́ ilé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2013, ayàwòrán ilé kan gbà láti bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bójú tó títún ọgbà wọn ṣe, láìgba owó fún apá àkọ́kọ́. Iṣẹ́ kò tẹ́ wọn lọ́rùn, ọ̀rẹ́ dà rú, wọ́n gbé e lọ sílé-ẹjọ́. Ní 2017, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ pé lóòótọ́ kò sí àdéhùn láàárín wọn, kò sì sí ẹni tó lè fipá mú un pé kó ṣe iṣẹ́ tí kò dáwọ́ lé. Àmọ́ èyí tó bá ti dáwọ́ lé, ó gbọ́dọ̀ fi ìmọ̀ àti ìṣọ́ra ṣe é. Nígbà tí wọ́n wá gbọ́ ẹjọ́ náà délẹ̀délẹ̀ ní 2018, òun ló jàre, wọ́n ò rí àṣìṣe kan dì mọ́ ọn. Ó jàre o, àmọ́ ọdún mélòó ló fi wà lẹ́nu ẹjọ́, nítorí ọgbà ọ̀rẹ́?

Òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ohun tí mo mú nínú àwọn ẹjọ́ yìí kò yàtọ̀: kò di dandan kó o dáwọ́ lé e, àmọ́ tó o bá ti dáwọ́ lé e, òfin lè má wo àpò rẹ bóyá owó wọ ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Dá a dúró kó tó sọ ìtàn náà tán

Àwọn èèyàn kì í béèrè kí wọ́n tó sọ ìtàn. Ìtàn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń tú sílẹ̀. Bó o bá sì ti gbọ́ ọ tán, ẹrù ti dé orí rẹ. Àṣírí rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ, o ò sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, ìbáà má san owó. Fún agbẹjọ́rò, ó tún le jù: ẹni tó bá ti tú àṣírí ẹjọ́ rẹ̀ fún ọ lè dènà rẹ láti ṣojú ẹnìkejì rẹ̀ nínú ẹjọ́ náà lọ́la. Mo sì mọ̀ pé àwọn kan wà tí wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, já lu ọ̀rọ̀ náà ní kíákíá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún mi. Ọ̀rọ̀ yín ṣe pàtàkì, etí sì pọ̀ níbí.” Ó dára púpọ̀ pé gbólóhùn yẹn ń gbèjà òun náà. Èèyàn tí kò bá fẹ́ gbọ́ “rárá” á gba “etí pọ̀ níbí”.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ní ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́nu

Ohun tó ń mú wa dáhùn nígbà tí kò yẹ ni pé a ò ní ohun mìíràn lẹ́nu lásìkò yẹn. Kọ gbólóhùn tìrẹ sílẹ̀, kó o sọ ọ́ ketekete nílé, kó má bàa dà bí ohun tó o ń kà. Ìwọ̀nyí ni mo fẹ́ràn.

Fún ẹni tó ju ọ́ lọ: “Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín. Ọ̀rọ̀ yìí ju ohun tí mo lè fi ẹnu lásán dá yín lóhùn lọ, mi ò sì fẹ́ ṣì yín lọ́nà. Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ọjọ́ kan ní ọ́fíìsì, kí n lè jókòó tì í.” Kíyè sí i pé kò sí “mi ò lè ṣe é” níbẹ̀. Ohun tí àgbàlagbà kì í fẹ́ ni kí ọmọdé ti ilẹ̀kùn mọ́ òun lójú. Bó bá rí ilẹ̀kùn mìíràn tó ṣí, kì í bínú.

Fún ẹgbẹ́ ẹni, níbi àríyá: “Ìwọ náà! Jẹ́ ká gbádùn ara wa lónìí jàre. Pè mí lọ́jọ́ Ajé, lórí nọ́ńbà ọ́fíìsì.” Ìdajì wọn kò ní pè. Ìyẹn náà á sọ fún ẹ bí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti ká wọn lára tó.

Fún ìyá ọkọ tàbí ìyá ìyàwó tó ní kí o wo ojú ọgbẹ́ òun: “Màmá, ojú ọmọ ni mo fi ń wò yín, ojú dókítà sì ni ara yín ń fẹ́. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ rí ẹnìkan. Èmi ni màá gbé yín lọ.” Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn ló ń ṣe iṣẹ́ níbẹ̀. O ò fún un ní ìmọ̀ rẹ, o fún un ní ara rẹ, ìyẹn sì ni ìyá ẹni ń wá nígbà púpọ̀.

Fún fọ́tò òru lórí WhatsApp, má dáhùn lóru. Bó o bá dáhùn ní agogo mọ́kànlá lẹ́ẹ̀kan, agogo mọ́kànlá ti di àkókò iṣẹ́ rẹ nìyẹn. Lówúrọ̀, kọ ọ́ pé: “Ẹ káàárọ̀. Mo rí fọ́tò yín. Mi ò lè fi fọ́tò sọ ohun tó ń ṣe é, ẹ má tíì tẹ nǹkan kan. Bí ẹ bá fẹ́ kí èmi wò ó, iye tí mò ń gbà nìyí. Bí ẹ bá fẹ́ ẹlòmíràn, mo lè júwe ẹnìkan fún yín.”

Ìbéèrè tó máa ń dẹkùn mú àwọn tó gbọ́n ni, “Tó bá jẹ́ ìwọ ni, kí lo máa ṣe?” Ó dún bí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, àmọ́ ìmọ̀ràn iṣẹ́ ni, ó kàn yí aṣọ pa dà ni. Dáhùn pé, “Tó bá jẹ́ èmi ni, màá wá ẹni tó máa ka gbogbo ìwé náà kí n tó buwọ́ lù ú.” Òótọ́ ni, ìmọ̀ràn tó dáa sì ni.

Ẹni tó ti ní onímọ̀ tirẹ̀ ńkọ́, tó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n sọ fún un bá ojú ìwé mu? Nínú gbogbo wọn, tiẹ̀ ló rọrùn jù láti ràn lọ́wọ́ láìkó sí wàhálà. Má fún un ní ìdáhùn, fún un ní ìbéèrè. “Béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ kí ló lè ṣẹlẹ̀ bí o kò bá ṣe iṣẹ́ abẹ náà báyìí.” “Béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò rẹ ọjọ́ wo gan-an ni gbèdéke yín.” “Béèrè lọ́wọ́ ẹnjiníà bóyá ó ti wo ìpìlẹ̀ tàbí ó kàn wo òkè.” Ìbéèrè tó dáa mẹ́ta níye lórí fún un ju èrò rẹ lọ, o ò sì ba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Dárúkọ owó láìbẹ̀bẹ̀

Bó bá jẹ́ iṣẹ́, tó o sì fẹ́ ṣe é, sọ iye rẹ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, sọ ọ́ lójúkojú bó bá ṣeé ṣe, lẹ́yìn náà kó o kọ ọ́ ránṣẹ́. Má sọ “ohunkóhun tó bá wù yín” láé. Gbólóhùn yẹn kì í ṣe inú rere. Ó ń gbé ìṣirò iṣẹ́ rẹ lé ẹni tí kò mọ iṣẹ́ rẹ lọ́wọ́, lẹ́yìn náà o sì máa bínú sí iye tó mú wá.

Bó o bá fẹ́ ṣe é ní ẹ̀dínwó, kọ iye rẹ̀ gan-an sórí ìwé owó, kọ iye tó o yọ sábẹ́ rẹ̀, kó o wá kọ èyí tó kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni kó o ṣe bó bá jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá: kọ iye rẹ̀, yọ gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kò rí iye rẹ̀ á lọ sọ fún ẹlòmíràn pé nǹkan kékeré ni, ẹni náà á sì wá bá ẹ pẹ̀lú òye yẹn.

Àwọn kan á ní kí ẹ fi iṣẹ́ ṣe pàṣípààrọ̀. Kò burú, bí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀. Kàn mọ̀ pé ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, òfin owó orí ka irú pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀ sí owó tó wọlé.

Ìgbésẹ̀ keje: Bí o bá máa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ṣe é bí iṣẹ́

Ṣí fáìlì fún un. Béèrè gbogbo ohun tó o máa ń béèrè. Kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kó o tó bẹ̀rẹ̀, kó sọ ohun tó o máa ṣe, ohun tí o kò ní ṣe, àti ibi tó máa parí sí: “Màá ka àdéhùn yìí, màá sì sọ àwọn ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún yín lọ́jọ́ Ẹtì. Mi ò ní bá wọn dúnàádúrà, mi ò sì ní ṣojú yín bó bá di ẹjọ́.” Ìlà mẹ́rin ti tó.

Bí ó bá sì jẹ́ ìjíròrò ẹnu ló ti wáyé kó o tó mọ̀, kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì: “Lórí ohun tí a sọ lánàá, ọ̀rọ̀ gbogbogbòò ni mo sọ, mi ò tíì rí ìwé yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ rí ẹni tó máa wò ó kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Irú ọ̀rọ̀ báyìí máa ń ní gbèdéke, ẹ má jẹ́ kó pẹ́.” Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yìí ni agbẹjọ́rò Minnesota kò sọ.

Ìgbà tí gbogbo èyí kò sí

Bí ẹnìkan bá ní àyà ń fún òun tí ìrora sì ń gba apá lọ, bí ẹ̀gbẹ́ ojú kan bá wọ́ tí ọ̀rọ̀ sì ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, kò sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ajé mọ́: ilé ìwòsàn báyìí, má sì jẹ́ kó dá nìkan lọ. Bí ẹnìkan bá ní wọ́n ti wọ inú àkáǹtì báńkì òun, sọ fún un lójú ẹsẹ̀ pé kó pe báńkì kí wọ́n tì í, kó sì fi ẹ̀rọ mìíràn yí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ pa dà. Ẹni tí ìwé ilé-ẹjọ́ bá tẹ̀ lọ́wọ́, kó má sọ ọ́ nù, kó wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, kó sì wá agbẹjọ́rò kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹni tí wọ́n ń tì pé kó buwọ́ lùwé lónìí lónìí, kó ní òun ò tíì kà á tán.

Ẹ rí i pé kò sí èyí tó ṣòro nínú wọn. Ìkìlọ̀ ni gbogbo wọn, ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n ló yẹ kó sọ ọ́.

Àwọn tí kì í gbà

Àwọn kan á padà wá. Ẹ̀ẹ̀kejì, sọ gbólóhùn kan náà, má fi ìdí tuntun kún un. Ìdí tuntun ni wọ́n máa ń rí dì mú bá ẹ jiyàn. Ẹ̀ẹ̀kẹta, má dáhùn títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bó bá bínú, jẹ́ kó bínú, ṣùgbọ́n má fi ìkíni jẹ ẹ́ níyà: pè é nígbà tí kò sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nílẹ̀, béèrè àwọn ọmọ rẹ̀. Ojúlùmọ̀ tó bá rí i pé ìwọ kò sá fún òun, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lo sá fún, máa ń rọ̀.

Èyí tó máa ń dun èèyàn jù ni ẹni tó gba ìmọ̀ràn rẹ lọ́fẹ̀ẹ́ tó lọ sanwó fún ẹlòmíràn fún iṣẹ́ gan-an. Kò sí ohun tó o lè ṣe sí i ju kó o yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú wákàtí ọ̀fẹ́ rẹ.

Bó o bá wá mọ̀ pé ohun tó o ti sọ fún ẹnìkan kò tọ̀nà, má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá tún pàdé. Pè é lọ́jọ́ náà, kó o sì tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ lẹ́yìn ìpè: ohun tí mo sọ nìyí, ibi tó ti ṣì nìyí, ẹ má ṣe ohun tí mo ní kẹ́ ẹ ṣe, ẹ lọ rí lágbájá kí ọjọ́ báyìí tó pé. Bó bá ti ṣe é tán, sọ ọ́ náà, kó o sì sọ fún iléeṣẹ́ adójútòfò rẹ kó o tó ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé o máa sanwó.